Eku àti Aáyán Nínú Ilé-Kéú Wa

Ẹ̀yin ará wa, ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé-kéú ló ń kọ́kọ́ rí ihò eku, kì í ṣe àwa olùkọ́. Òun ni kí a bi kí a tó fín DDVP, ìyẹn ọ̀tá-píà-píà. Nítorí ewu rẹ̀ ni NAFDAC fi fòfin de títà á nínú ìgò kéékèèké ní 2019. Orí ẹní tí a fín in sí sì ni ọmọ wa ń jókòó! Kí ó gbá èérún àkàrà kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó fi sìmẹ́ńtì dí ihò. Èyí tí bírò bá wọ̀, èkúté-ilé kékeré lè gbà á. Omi àlùwàlá tó dúró ńkọ́? Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ̀fọn lè ti inú rẹ̀ fò jáde. Kí a má sì rán an níṣẹ́ lọ́wọ́ òfo o: owó oògùn ni kí a fi ra sìmẹ́ńtì fún un.