Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ìgòkè àti Eré Lórí Ẹ̀rọ Ìrìn

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ̀rọ ìrìn, tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní tapis roulant, ní bọ́tìnì méjì tó ń pinnu bí iṣẹ́ ara lórí rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó. Ọ̀kan ń mú rọ́bà rẹ̀ yára, ìkejì ń gbé iwájú rẹ̀ sókè kí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lè di òkè. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rá ara òun dín kù lè gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Eré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń tẹ̀, nítorí pé lójú aráyé, ẹni tó ń sáré ló ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ fún ẹni tó sanra, tó sì ti pẹ́ tó ti ṣe eré ìdárayá kẹ́yìn, ìgòkè ló yẹ kó ṣáájú. Eré lè tẹ̀ lé e, ó sì lè má dé rárá, kí ọ̀rá sì dín kù síbẹ̀.

Nọ́ńbà ìgòkè tó ń hàn lójú ẹ̀rọ kì í ṣe dígíríì, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni. 10% túmọ̀ sí pé ẹni tó bá rin 100 mítà síwájú yóò ti fi mítà 10 ga ju ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Bí a bá fi dígíríì wọ̀n ọ́n, kò ju bíi 5.7 lọ, ìyẹn ni kò fi jọ ohun ńlá lójú. Ẹsẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń rin kìlómítà 5 ní wákàtí kan, tó sì fi ìṣẹ́jú 30 rìn ín lórí 10%, ti gun òkè tó ga ní mítà 250 láìjáde nínú yàrá.

Ohun tó fún ìgòkè lágbára kò fara sin. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ìrìn ń gbé ara síwájú nìkan. Lórí òkè, ẹsẹ̀ ń gbé gbogbo ìwúwo ara sókè ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì wúwo jù lẹrù rẹ̀ pọ̀ jù. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò American College of Sports Medicine, tí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ń lò káàkiri ayé, ẹni tó wọn kìlò 80, tó rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú fún ìṣẹ́jú 30 ní kìlómítà 5 ní wákàtí kan, yóò jó bíi 140 kálórì. Bó bá fi kún eré rẹ̀ di kìlómítà 6, kálórì náà kò ju bíi 160 lọ. Ṣùgbọ́n bó bá dúró sórí kìlómítà 5 rẹ̀, tó gbé ẹ̀rọ sí 5%, ó di bíi 230. Lórí 10%, ó lé ní 320. Ẹni tó sì ń sáré ní kìlómítà 8 lórí ilẹ̀ títẹ́jú, tí òógùn bò, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, yóò jó bíi 360 ní àkókò kan náà. Arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò moyè jẹ, asárétete kò róyè jẹ: ẹni tó ń rìn wọ́ọ́rọ́ lórí òkè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá asáré dọ́gba, kò sì fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àìfò yìí ṣe pàtàkì ju kálórì lọ fún ẹni tó sanra. Nígbà tí ènìyàn bá ń sáré, ẹsẹ̀ méjèèjì máa ń kúrò nílẹ̀, ẹsẹ̀ tó bá sì padà balẹ̀ ń gba agbára tó tó ìlọ́po méjì ìwúwo ara tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó wọn kìlò 100 ń ju ẹrù tó lé ní kìlò 200 lu orúnkún àti kókósẹ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Nínú ìrìn, ẹsẹ̀ kan máa ń wà nílẹ̀ nígbà gbogbo, ìjàǹbá yẹn kò sì sí. Kì í ṣe ìmẹ́lẹ́ ló mú ọ̀pọ̀ àwọn tó fi eré bẹ̀rẹ̀ dáwọ́ dúró, orúnkún ló kọ̀ fún wọn. Ìgòkè náà ní ibi tó ti ń fìyà jẹ ara, pàápàá iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ àti okùn iṣan tó so mọ́ gìgísẹ̀, àmọ́ iṣan máa ń le sí i bí a bá fún un láyè.

Àwọn oníṣègùn ti mọ agbára ìgòkè tipẹ́. Àmọ́ kó tó dé ilé ìwòsàn, ìyà ni a kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ bí èyí jẹ ènìyàn: ní 1818, William Cubitt, ẹnjiníà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àgbá ńlá onígbèésẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń gùn láìdé ibì kan. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì kò fòpin sí i títí di òpin ọ̀rúndún náà. Nígbà tó di 1952, dókítà ọkàn kan ní University of Washington, Robert Bruce, àti Wayne Quinton, ẹnjiníà, ṣe ẹ̀rọ ìrìn tí wọ́n lè fi wo bí ọkàn aláìsàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìdánwò tó ń jẹ́ orúkọ Bruce ṣì wà ní ilé ìwòsàn títí dòní. Aláìsàn kì í fi eré bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Kìlómítà 2.7 ní wákàtí kan ni ipele àkọ́kọ́, ìrìn ẹni tó ń wo ọjà, ṣùgbọ́n 10% ni ìgòkè rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó di kìlómítà 4 lórí 12%. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta mìíràn, ó di kìlómítà 5.5 lórí 14%. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn kò mọ́ iṣẹ́ ló ń rẹ̀ kí wọ́n tó kọjá ipele kẹta, láìtíì sáré rárá.

Ohun kan wà tó ń ba gbogbo ìṣirò òkè yìí jẹ́, òun náà ni dídi irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ mú. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ sí 12%, tó rọ̀ mọ́ irin, tó sì fà sẹ́yìn, ti sọ òkè náà di ilẹ̀ títẹ́jú: ara rẹ̀ àti rọ́bà tún di igun tí wọ́n máa ń jẹ́ lórí ilẹ̀ lásán, apá sì ti bá ẹsẹ̀ gbé nínú ẹrù náà. Ẹ̀rọ kò mọ èyí. Yóò máa ka kálórì tí ara kò jó, onítọ̀hún yóò sì lọ sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun ti ṣiṣẹ́ ńlá. Irin náà wà fún ìgbà tí a bá ń gùn ún, ìgbà tí a bá ń sọ̀, àti ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ṣì. Bí ènìyàn kò bá lè rìn láìdì í mú, òkè náà ti ga jù fún un, kó dín in kù. Kó rọra tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti kókósẹ̀, kì í ṣe láti ìbàdí, kí ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú, kí apá rẹ̀ sì máa jù bó ti ń rìn.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú kí ara lè gbóná, kó wá gbé ẹ̀rọ sí 2 tàbí 3%, kó rìn ní kìlómítà 4 sí 5 fún ìṣẹ́jú 15, kó tó fi ìṣẹ́jú márùn-ún mìíràn sọ ara di tútù. Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kó máa yí padà lẹ́ẹ̀kan: kí àkókò kọ́kọ́ gùn di ìṣẹ́jú 30, lẹ́yìn náà kí ìgòkè máa fi 1% lé sí i ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí eré sì gbẹ̀yìn. Ẹni tó gbé ìgòkè àti eré sókè lọ́jọ́ kan náà kò ní mọ èyí tó ń pa á lára. Bí 8% bá ti ń rọrùn, ó lè máa pààrọ̀ ìgòkè, ìṣẹ́jú méjì lórí 8%, ìṣẹ́jú méjì lórí 2%, kí ọkàn lè ṣiṣẹ́ kó sì sinmi. Òṣùwọ̀n tó dára jù kò sí lójú ẹ̀rọ: ẹni tó lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin wà níbi tó yẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu rẹ̀, ó ti kọjá ibẹ̀.

Láti 2020 ni ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní 12-3-30 ti gbajúmọ̀ lórí TikTok. Lauren Giraldo, ọmọ Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde: 12% ìgòkè, máìlì 3 ní wákàtí kan, ìyẹn bíi kìlómítà 4.8, fún ìṣẹ́jú 30. Ìlànà náà ní láárí, ó sì ń fìdí agbára ìgòkè múlẹ̀. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kí ẹni tí kò tíì rin ìṣẹ́jú 20 pọ̀ rí gùn ún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìwọ̀n agbára tó ń bèèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti eré sísá. Ibi tí ènìyàn lè dé lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta ni, kì í ṣe ibi ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ìlú bíi Glazoué ní Bẹ̀nẹ̀, kò pọn dandan kí ènìyàn ra ẹ̀rọ. Ìlú náà wà lójú ọ̀nà ńlá àti ojú irin tó ti Kútọnu lọ sí Parakou, ní àríwá Ìdáàṣà, tí gbogbo Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ sí ìlú òkè mọ́kànlélógójì. Àárín ìlú tẹ́jú, ṣùgbọ́n àwọn òkè àpáta kò jìnnà, bí irú àwọn tó wà ní Camaté. Ní Ọjọ́rú tí ọjà Glazoué máa ń kún fún àgbàdo, iṣu àti ẹ̀wà, ọ̀pọ̀ tí ì bá fi ẹsẹ̀ rìn ló ń gun alùpùpù zémìjàn. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ lórí alùpùpù ní kìlómítà kan sí ọjà ti rí apá kan ìrìn rẹ̀. Fún ìgòkè, kó wá ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tó ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, kó máa lo ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́, kó fi aago wo bó ti ń pẹ́ tó kó tó dé òkè, kó sì fi iye ìgbà tó ń gòkè rọ́pò nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ì bá fi hàn. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àmọ́ àpáta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ń yọ̀, kò sì yẹ fún ìdárayá. Àárọ̀ kùtù ló dára, kí oòrùn tó mú.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í sọ̀ kalẹ̀, òkè ní ìsọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá ń sọ̀, iṣan iwájú itan ń fà gùn bó ti ń dá ara dúró, ìyẹn ló sì ń fa ìrora tó máa ń dé lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Orúnkún tó ti ń dunni kì í fẹ́ràn rẹ̀. Kí onítọ̀hún rọra sọ̀, kó máa yà sọ́tùn-ún yà sósì dípò kó dojú kọ ìsàlẹ̀ tààrà, kó sì ṣe ìgòkè kékeré ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Níhìn-ín ni ẹ̀rọ ti dára ju òkè lọ fún àgbàlagbà.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ọkàn, àti aláboyún, ní láti rí dókítà kí wọ́n tó gun òkè èyíkéyìí, ti ẹ̀rọ tàbí ti àpáta. Bí àyà bá ń fún ènìyàn, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí èémí kò bá balẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi, kó dúró, kó lọ sí ilé ìwòsàn. Okùn pupa tó wà lára ẹ̀rọ ni kó so mọ́ aṣọ, kí rọ́bà lè dúró bó bá ṣubú. Kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì lé ẹ̀gbẹ́ rọ́bà kó tó tẹ bọ́tìnì. Níbi tí iná ti máa ń lọ lójijì, kó má sáré lórí rẹ̀ bí kò bá sí ohun tó lè tètè dì mú. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn nígbà tó bá ń yí, torí rọ́bà náà ń bó ọwọ́ bí iná.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Kìlò kan ọ̀rá ara ń pa bíi 7,700 kálórì mọ́. Ẹni kìlò 80 tó ń rin 5% fún ìṣẹ́jú 30 ń jó bíi 190 ju ohun tí ì bá jó ní ìjókòó lọ. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀, tí kò yí oúnjẹ rẹ̀ padà, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni yóò gbà á kí kìlò kan tó lọ. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò 50 cl kan ń dá bíi 200 kálórì padà sára rẹ̀. Ṣíbí ìjẹun òróró kan jẹ́ bíi 120. Kò pọn dandan kó fi iyán sílẹ̀, oúnjẹ àwọn òkè Glazoué ni. Kí òkèlè rẹ̀ kéré sí i, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú ọbẹ̀, kí òróró dín kù, kí omi rọ́pò ọtí dídùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ìṣẹ́jú 150 sí 300 ìdárayá ìwọ̀ntunwọ̀nsì lọ́sẹ̀ fún àgbàlagbà, àti iṣẹ́ tó ń mú iṣan le lọ́jọ́ méjì, ó kéré tán. Kó gun òṣùwọ̀n kan náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní àárọ̀, kó tó jẹun, kó sì fi téèpù aránṣọ wọn ìbàdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nítorí pé ìbàdí sábà máa ń yí padà kí òṣùwọ̀n tó sọ ohunkóhun.