Ọmọ Mi, Wo Ilé Kí O Tó Bá Wọn Jiyàn Ìṣèlú

Ìwọ ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Atlanta, tí o ń gbé ní Lithonia tàbí Lawrenceville, mo gbọ́ ìbéèrè tí o ń bi gbogbo èèyàn lẹ́yìn ìsìn. O ní kí ló dé tí àwọn aláwọ̀ funfun ìhà gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí fi ń dìbò fún ẹni tó bá ní kí nǹkan máa wà bí àwọn baba wọn ṣe fi í sílẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn tí o ń fún ara rẹ ni kò dùn mọ́ mi nínú. Fetí sílẹ̀.

1. Má pè wọ́n ní òmùgọ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, òwú ló sì kọ́ ilé tiwọn. Àwọn tó tẹ Georgia dó ní 1733 kò tilẹ̀ fẹ́ ẹrú níbẹ̀. 1751 ni wọ́n tó gbà á láàyè. Nígbà tí Eli Whitney ṣe ẹ̀rọ tó ń yọ kóró òwú nítòsí Savannah ní 1793, òwú di owó, ẹrú sì di ohun tí olóko kò lè jọ̀wọ́ mọ́. Ẹni tí gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ jẹ́ èèyàn tó fowó rà, ìjọba ọ̀nà jíjìn tó bá fẹ́ dá sí i, ọ̀tá ni. Ìdí nìyẹn tí Georgia fi ya kúrò lára Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní 1861. Ogun jà títí di 1865, Sherman, ọ̀gágun ìjọba Washington, sì ti iná bọ Atlanta tí o ń gbé yìí ní oṣù kọkànlá 1864. Ìyá àgbà aláwọ̀ funfun sọ ìtàn iná yẹn fún ọmọ rẹ̀, ìyá àgbà aláwọ̀ dúdú sì sọ ìtàn pàṣán. Nígbà tí o bá gbọ́ ọkùnrin kan lórí rédíò tó ń bú ìjọba Washington bí ẹni pé àná ni wọ́n sun abà bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú gbòǹgbò ìbínú náà wà.

2. Má fi orúkọ ẹgbẹ́ mọ èèyàn. Nílé, àwọn ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀ ti inú Action Group bọ́ sí UPN, wọ́n tún bọ́ sí AD: orúkọ ń yí, èèyàn ò kúrò lójú kan. Níbí, orúkọ ò yí, àwọn èèyàn ló kó ẹrù láti inú ẹgbẹ́ kan lọ sínú èkejì. Republican ni ẹgbẹ́ Lincoln tó tú ẹrú sílẹ̀, nítorí náà Georgia kò yan Republican kankan fún ipò ààrẹ rí títí di 1964. Ní oṣù keje ọdún yẹn, Lyndon Johnson, Democrat, ọmọ Texas, ọmọ gúúsù bíi tiwọn, fọwọ́ sí òfin pé ilé oúnjẹ àti ilé ìtura kò gbọdọ̀ lé aláwọ̀ dúdú mọ́. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, koko ló ń le sí i. Lester Maddox, tó ní ilé oúnjẹ Pickrick ní Atlanta níbí, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dípò kó ta oúnjẹ fún dúdú; nígbà tó di 1967, òun ni gómìnà, lábẹ́ orúkọ Democrat, jọ̀wọ́ kíyè sí i. Barry Goldwater, Republican tó tako òfin náà, gba ìpínlẹ̀ mẹ́fà péré nínú ìbò ààrẹ 1964: Arizona tó jẹ́ ilé rẹ̀, àti márùn-ún ní gúúsù, Georgia wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹrù náà pẹ́ kí wọ́n tó kó o tán. Jimmy Carter, Democrat, ọmọ Plains ní Georgia níbí, ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù nínú ìbò ààrẹ 1976. Ọdún 2002 ni Georgia tó yan Sonny Perdue, gómìnà Republican àkọ́kọ́ láti àwọn ọdún 1870. Àwọn baba kú sínú ẹgbẹ́ àtijọ́. Àwọn ọmọ ló parí ìkó-ẹrù.

3. Má jẹ́ kí wọ́n fi Bíbélì nìkan ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ. Èyí ló ń tan àwọn ará wa jẹ jù. Wọ́n á gbọ́ aláwọ̀ funfun tó ń wàásù ìwà mímọ́, wọ́n á ní, “Tiwa nìyí.” Ó tilẹ̀ jẹ́ tiwa ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ní 1845, ní Augusta, Georgia, ni àwọn Onítẹ̀bọmi gúúsù dá àpapọ̀ ìjọ tiwọn sílẹ̀, nítorí àwọn ará àríwá kò fẹ́ kí ẹni tó ní ẹrú jẹ́ míṣọ́nnárì. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ìjọ yìí kan náà rán Thomas Jefferson Bowen, ọmọ Georgia, dé Badagry. Ó dé Ìjàyè, ó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì kọ ìwé gírámà àti ìtumọ̀ èdè Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1858. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára yunifásítì tó wà ní Ìwó. Ní 1995, ní Atlanta, àpapọ̀ ìjọ náà tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ ẹrú. Mi ò ní kí o kórìíra Bowen. Ó ṣe wá lóore. Mo ní kí o rìn dé Auburn Avenue, kí o wọ Ebenezer, ìjọ Martin Luther King. Onítẹ̀bọmi ni wọ́n. Bíbélì kan náà ni, orin kan náà ni, wọn kì í sì í fi ọtí àti àgbèrè ṣeré. Síbẹ̀, ibi tí wọ́n ń tẹ̀ka sí lọ́jọ́ ìbò yàtọ̀ pátápátá. Tó bá jẹ́ ìgbàgbọ́ nìkan ni, ìbò àwọn méjèèjì ì bá jọra. Ohun tó yà wọ́n wà nínú kókó kìíní àti èkejì tí mo ti sọ.

4. Wo ọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú. Láti 1947 ni òfin Georgia ti sọ pé a kò lè fi dandan mú òṣìṣẹ́ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kó tó ríṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ará àríwá tó ṣí wá síbí nítorí ilé tí kò wọ́n àti owó orí tí kò wúwo lè má ní Sherman lọ́kàn rárá. Àpò rẹ̀ ló ń dìbò. Má fi ẹ̀sùn ẹlẹ́yàmẹ̀yà kan irú wọn láìmọ̀dí.

5. Atlanta kọ́ ni Georgia. Láti 1973 tí ìlú yìí ti yan Maynard Jackson ni aláwọ̀ dúdú ti ń ṣe olórí ìlú, ṣùgbọ́n wa mọ́tò fún wákàtí kan péré, wàá rí i pé o ti dé ilẹ̀ mìíràn. Bóo bá fẹ́ mọ ibi tí ààlà yẹn ń gbà, wo ọkọ̀ ojú irin MARTA, tí àwọn káúńtì tó yí ìlú ká dìbò lé lórí: Cobb kọ̀ ọ́ ní 1965, Gwinnett àti Clayton kọ̀ ọ́ ní 1971. Clayton gbà níkẹyìn ní 2014. Gwinnett tún kọ̀ ní 2019. Ní gbogbo Georgia, ìbò ààrẹ 2020 fi ìbò 11,779 péré bọ́ sọ́wọ́ Democrat, ní 2024 ó padà sọ́wọ́ Republican.

6. Má bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìṣèlú ní ibùdó epo. Láti 2022, àgbàlagbà tí òfin gbà láàyè láti ní ìbọn lè gbé e káàkiri ní Georgia láìgba ìwé àṣẹ. Ẹnu rẹ kò le ju ọta lọ.

7. Má sọ pé ọmọ Amẹ́ríkà ni ọ́ nígbà tí o kò tíì búra. Nígbà tí o bá lọ gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀, wọ́n á bi ọ́ bóyá ọmọ Amẹ́ríkà ni ọ́, kí wọ́n lè fi orúkọ rẹ sínú ìwé ìbò. Ka ìwé tí wọ́n bá fún ọ kí o tó fọwọ́ sí i, nítorí ẹni tó ní green card tó sì dìbò lè di ẹni tí wọ́n dá padà sílé, àìmọ̀ọ́mọ̀ kì í sábà gbani. Ọjọ́ tí o bá búra, forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lọ́jọ́ náà, kí o sì mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ìbò Georgia tí kì í ṣe ti ààrẹ, bí ẹnikẹ́ni kò bá gba ju ìdajì lọ, ìbò kejì ń bọ̀. Àwọn kan nínú wa a máa jáde fún ti àkọ́kọ́, wọ́n a sì sùn lọ́jọ́ ti èkejì. Ní 1964 ni wọ́n ṣe òfin ìbò kejì yẹn, kí ìbò àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà lójú kan má baà borí nígbà tí ìbò àwọn yòókù bá pín. Ní oṣù kìíní 2021, ìbò kejì ló gbé Raphael Warnock, pásítọ̀ Ebenezer, wọlé gẹ́gẹ́ bíi sẹ́nétọ̀ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Georgia.