Ta ló lè sọ fún àgbà pé "O káre"? Ọ̀rọ̀ ìwúrí láàárín olùkọ́ àti àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà máa ń sọ pé yinniyinni, kẹ́ni ó ṣèmíì. Òwe yìí dùn ún pa, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti tẹ̀ lé ní kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà, níbi tí olùkọ́ ti lè jẹ́ ọmọ ọdún 24, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì jẹ́ ìyá tó ti ní ọmọ-ọmọ. Púpọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè lè bá ara wa nídìí irú iṣẹ́ yìí lọ́jọ́ kan, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́.

Àgbà akẹ́kọ̀ọ́ kò dà bí ọmọdé. Kò sẹ́ni tó ń fipá mú un wá. Ó ti oko tàbí ọjà dé, ó ti rẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ ó wá. Bí ojú bá tì í ní kíláàsì, kò ní bá wa jà. Ilé ni yóò jókòó sí lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí á jọ yẹ ọ̀rọ̀ ìwúrí wò: ta ló ń sọ ọ́, fún ta ni, kí ni a sì ń fi dáhùn? Àwa fúnra wa la ṣe àwọn àpẹẹrẹ tó wà nísàlẹ̀ yìí kí àlàyé lè yéni. O dúró fún olùkọ́, A dúró fún akẹ́kọ̀ọ́.

2. Àyè tí ìwúrí ní nínú ẹ̀kọ́

Ní ọdún 1975, John Sinclair àti Malcolm Coulthard ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ inú kíláàsì sábà máa ń ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: olùkọ́ bẹ̀rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn, olùkọ́ sì tún fèsì sí ìdáhùn náà. Ẹ wo àpẹẹrẹ kìíní:

(1) O: Ìyá, kí ni a kọ síbí?
A: Ọkọ́.
O: Ọkọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Ẹsẹ̀ kẹta ni ó ya kíláàsì sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Bí a bá béèrè ọ̀nà ọjà lọ́wọ́ ẹnì kan, tó sì júwe rẹ̀ fún wa, "Ẹ ṣeun" la ó sọ. A kò ní sọ pé "Ẹ gbà á." Ní kíláàsì, olùkọ́ ń béèrè ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ń ṣe ìdájọ́ ìdáhùn. Ọmọdé tètè máa ń mọ́ra pẹ̀lú èyí. Ó lè ya àgbà lẹ́nu: ṣé ọmọ yìí kò mọ ọkọ́ ni? Nítorí náà, kí olùkọ́ tó yin ẹnikẹ́ni, ó yẹ kó ti ṣàlàyé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jẹ́ ara ẹ̀kọ́, kì í ṣe ìdánwò láti fi wo ọgbọ́n àgbà.

3. "O káre", "Ẹ káre" àti "Ẹ kú iṣẹ́"

Ọ̀rọ̀ ìyìn tó kọ́kọ́ ń bọ́ sí wa lẹ́nu ni "O káre". Àgbà ló ń sọ ọ́ fún ọmọdé, òbí fún ọmọ, ọ̀gá fún ọmọ iṣẹ́. Àwọn kan lè rò pé bí a bá ti fi "ẹ" rọ́pò "o", ọ̀wọ̀ ti dé, a sì lè sọ fún ìyá àgbà pé "Ẹ káre". Èyí kò tó. Arọ́pò-orúkọ jẹ́ ohun kan, iṣẹ́ tí gbólóhùn ń ṣe jẹ́ òmíràn. Ẹni tó ń yinni ti ṣe ìdájọ́, ẹni tó ń ṣe ìdájọ́ sì ti gun òkè. "Ẹ" fi ọ̀wọ̀ wọ gbólóhùn náà láṣọ ni, kò sọ olùkọ́ kalẹ̀ láti orí òkè tó wà.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "Ẹ kú iṣẹ́". Èyí kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé iṣẹ́ ni a ń kí, a kò díwọ̀n ẹni tó ṣe é. Àmọ́ ó ní àléébù kan: yálà iṣẹ́ dára tàbí kò dára, a máa ń sọ ọ́. Bí ìyá bá kọ orúkọ rẹ̀ tó sì fo lẹ́tà méjì, "Ẹ kú iṣẹ́" nìkan kò sọ nǹkan kan fún un.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí a so méjèèjì pọ̀: ìkíni tó fi ọ̀wọ̀ hàn, àti ọ̀rọ̀ kan pàtó nípa iṣẹ́ náà, kí iṣẹ́ jẹ́ olùwà gbólóhùn, kì í ṣe ènìyàn:

(2) O: Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Àmì ohùn tí ẹ fi sórí "ọkọ́" yìí ló jẹ́ ká mọ̀ pé irinṣẹ́ oko lẹ rà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí gbólóhùn yìí ṣe. "Mo ra ọkọ́ tuntun", "Mo ra ọkọ̀ tuntun" àti "Mo ra ọkọ tuntun" kò jọra rárá. Ẹ̀kẹta lè dá ẹ̀rín sílẹ̀ ní kíláàsì. Ìyá gbọ́ pé òun ṣe dáadáa, ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀. Lọ́la yóò tún fi àmì sí i.

A tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra pẹ̀lú èdè Faransé tí a fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Bí olùkọ́ bá sọ fún wa lédè Faransé pé a gbìyànjú, a sábà máa ń gbọ́ ọ bí ẹni pé a kò yege. Ní Yorùbá, "Ẹ gbìyànjú gan-an ni" jẹ́ ìyìn gidi. A lè sọ ọ́ fún ẹni tó kọ́lé tó sì parí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni "Ó kù díẹ̀ kó pé" ń fún ènìyàn ní ìrètí, ṣùgbọ́n "Ó kù díẹ̀ káàtó" jẹ́ ìbáwí. Olùkọ́ tó bá ṣi ọ̀kan lò fún èkejì ti ba ọjọ́ jẹ́.

4. Ìyìn tó ń kọ́ni

Kì í ṣe gbogbo àbábọ̀ ló ń ranni lọ́wọ́. Ní ọdún 1996, Avraham Kluger àti Angelo DeNisi kó èsì ìwádìí púpọ̀ jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé lápapọ̀, àbábọ̀ ń mú iṣẹ́ sunwọ̀n, ṣùgbọ́n nínú ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn èsì náà, ńṣe ló ń mú iṣẹ́ rẹlẹ̀. Àlàyé wọn ni pé bí àbábọ̀ bá ti fa ọkàn ènìyàn kúrò lórí iṣẹ́ lọ sórí ara rẹ̀, agbára rẹ̀ ń dín kù. John Hattie àti Helen Timperley náà sọ ní 2007 pé ìyìn tó dá lórí ènìyàn nìkan, bíi "Ọlọ́pọlọ ni yín", ni kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹ̀kọ́.

Kíláàsì tiwa kọ́ ni wọ́n wò, ṣùgbọ́n àṣà wa ti ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọdé bá pa òwe níwájú àgbà, a máa sọ pé "Tótó, ó ṣe bí òwe o." Àgbà yóò dáhùn pé "Wàá rí òmíràn pa." Kò pe ọmọ náà ní ọlọgbọ́n. Ó gba òwe náà, ó sì ṣílẹ̀kùn fún èyí tó ń bọ̀.

Ibi tí èyí ti le jù ní Bẹ̀nẹ̀ ni àkọtọ́. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975, lo ɛ àti ɔ níbi tí ìwé Nàìjíríà ti lo ẹ àti ọ, ó sì lo sh níbi tí tiwọn ti lo ṣ. Àgbà tó ti ka Bíbélì tàbí ìwé tó wá láti Nàìjíríà lè kọ "ẹṣin" dípò "ɛshin". Bí olùkọ́ bá fi pẹ́ńsù pupa fa ilà sí i, ó ti sọ fún àgbà náà pé ohun tó fi ọ̀pọ̀ ọdún mọ̀ kì í ṣe ìmọ̀. Ó sàn kó sọ pé:

(3) O: Bàbá, ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ lọ́nà ti Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ ká kọ ti ìwé tiwa náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àtúnṣe ni èyí, síbẹ̀ ìwúrí ló bá wọlé.

5. Bí àgbà ṣe ń gba ìyìn

Anita Pomerantz fi hàn ní 1978 pé ẹni tí a yìn wà láàárín ohun méjì: ó yẹ kó gba ọ̀rọ̀ ẹni tó yìn ín, kò sì yẹ kó yin ara rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, a sábà máa ń gbọ́ irú ìdáhùn wọ̀nyí:

(4) a. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.
b. Ìwọ lo kọ́ wa, ọmọ mi.
d. Ṣé èyí náà tó nǹkan?
e. Ìwọ náà á rí ẹni kọ́ ọmọ tìrẹ.

Nínú (4a) àti (4b), wọ́n gbé ìyìn fún ẹlòmíràn. Nínú (4d), wọ́n dín in kù. Nínú (4e), wọ́n fi àdúrà san án padà. Kò sí ọ̀kan tó túmọ̀ sí pé akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀ pé òun ṣe dáadáa. Olùkọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn pé "Rárá o, ẹ̀yin lẹ ṣe é, ẹ gbà bẹ́ẹ̀" ń fi ipá mú àgbà ṣe ìgbéraga lójú àwùjọ. Ohun tó tọ́ ni "Àmín" sí àdúrà, kí ẹ̀kọ́ sì máa lọ.

Ojú àwùjọ yìí náà ṣe pàtàkì. Bí ìyàwó kékeré àti ìyálé bá jọ wà ní kíláàsì kan, ìyìn tí a bá fún ìyàwó lè di ọ̀rọ̀ nílé. Nígbà mìíràn, ó dára ká lọ bá ènìyàn nídìí sílétì rẹ̀, ká sọ ọ́ ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́.

6. Ìwúrí láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́

Olùkọ́ náà nílò àbábọ̀. Ní òpin ẹ̀kọ́, àwọn àgbà á kí i, wọ́n á súre fún un. Ire ni, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó yé wọn àti ohun tí kò yé wọn. Bí a bá béèrè pé "Ṣé ó yé yín?", "Ó yé wa" ni wọn yóò sọ, kí ojú má baà ti ọmọdé tó ń kọ́ wọn. Ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tí ọ̀wọ̀ kò lè bò mọ́lẹ̀: "Èwo nínú ohun tí a ṣe lónìí lẹ máa lò lọ́jà lọ́la?" Bí ìyá bá dáhùn pé ìṣirò yé òun lọ́jọ́ tí a fi owó gàrí ṣe àpẹẹrẹ, olùkọ́ ti gba ìwúrí tó lè fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀la.

7. Ìparí

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní kíláàsì àgbà, olùkọ́ ló mọ ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ ló dàgbà. Ìwúrí tó dára kò gbàgbé ọ̀kankan: ó ń kí iṣẹ́ bó ti yẹ kí ọmọdé kí àgbà, ó sì ń sọ ohun kan pàtó bó ti yẹ kí olùkọ́ sọ ọ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe fún wa:
(i) Ní ẹ̀ka-èdè ìlú rẹ, kọ ọ̀rọ̀ ìyìn márùn-ún sílẹ̀. Èwo ni ọmọdé lè sọ fún àgbà?
(ii) Tún gbólóhùn yìí ṣe kó lè bá bàbá ẹni ọdún 60 mu: "O káre, o gbà á."
(iii) Tẹ́tí sí bí àwọn ará ilé rẹ ṣe ń dáhùn ìyìn fún ọjọ́ kan. Ṣé gbogbo rẹ̀ bá (4) mu?