Jábọ̀, Fi Tó Létí, Fi Lọ̀: Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ẹnjiníà Tó Ń Wáṣẹ́

Ọmọ Ibiadé tó bá kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ jáde ní Ìbògún, níbi tí Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ fi ẹ̀ka náà sí, kò ní láti kúrò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn kó tó bá ilé-iṣẹ́ àwọn ará Jàpáàn pàdé. Ọ̀tà ni Honda ti ń to alùpùpù láti ọjọ́ pípẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Accord ní ọdún 2015. Ní Èkó, ọdún 1991 ni wọ́n dá West African Seasoning sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ta Ajinomoto tí àwọn tó ń dáná mọ̀ bí ẹni mowó. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọjá òkun, ètò ABE tí ìjọba Jàpáàn kéde ní ọdún 2013 ń mú àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà lọ kàwé gboyè kejì níbẹ̀, ó sì ń fi wọ́n sí ilé-iṣẹ́ fúngbà díẹ̀ kí wọ́n lè mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

Bí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá pe ọmọ fún íntáfíù, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi ṣe é. Ṣùgbọ́n nílé, Yorùbá la fi ń múra rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá á jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní, "Ká sọ pé èmi ni ọ̀gá ibẹ̀. Ó yá, kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?" Ibẹ̀ ni mo fẹ́ bá wọn dá sí i lónìí. Ó dá mi lójú pé ẹni tí Yorùbá rẹ̀ kò bá là kedere nípa iṣẹ́ tó ṣe, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ náà kò ní là. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ tó ṣe rẹ́gí fún ohun tí àwọn ará Jàpáàn máa ń fẹ́ gbọ́, àfi pé a ti ń lò wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè bàbá yẹn. Ọmọ á yára dáhùn pé, "Mo lè ṣe é." *Lè* kò sọ ju pé agbára wà tàbí pé ààyè wà. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ wẹ́dà láyé rẹ̀ lè sọ pé òun lè jó irin pọ̀. "Mo mọ̀ ọ́n ṣe" ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó sọ pé ẹnìkan kọ́ mi, ó sì ti mọ́ mi lọ́wọ́. "Mo ti ṣe é rí" ló ní ẹ̀rí nínú: ó ní ọjọ́, ó ní ibi, ó ní ẹni tó wà níbẹ̀. *Ti* àti *rí* ló jọ ń ṣiṣẹ́ yẹn. Bí a bá yọ *rí* kúrò, "mo ti ṣe é" ń sọ pé iṣẹ́ kan pàtó ti parí, kò sọ nípa ìrírí mọ́. Oṣù mẹ́fà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, ibẹ̀ ni gbogbo *rí* rẹ̀ wà, kó sì kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó gbéra nílé.

Àwọn ará Jàpáàn ní ọ̀rọ̀ kan, *hōrensō*. Orúkọ ẹ̀fọ́ kan ni lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi so ó pọ̀: *hōkoku*, *renraku*, *sōdan*. Òṣìṣẹ́ tuntun ni wọ́n sábà máa ń fi kọ́. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, a kò sì ní láti dá ọ̀rọ̀ tuntun kankan sílẹ̀.

*Hōkoku* ni jábọ̀. Ẹni tí a rán níṣẹ́ ló ń jábọ̀, ẹni tó rán an ló sì ń jábọ̀ fún. Kò tọ́ kí ẹnìkan ní òun jábọ̀ fún akẹgbẹ́ òun tí kò rán òun. *Renraku* ni fi tó létí. Gbogbo ẹni tí ọ̀ràn kàn la lè fi í tó létí, ì báà ṣe ọ̀gá, ì báà ṣe ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa nírọ̀lẹ́. *Sōdan* ni fi lọ̀, òun ni àwọn ọ̀dọ́ sì ń ṣì lò jù. Mo máa ń gbọ́ ọ: "Mo fi lọ ọ̀gá pé mo ti pààrọ̀ wáyà yẹn." Rárá o. Ohun tí a ti ṣe tán kò ṣeé fi lọ ẹnikẹ́ni mọ́, ìfitónilétí nìyẹn. Ọ̀ràn tí a kò tí ì dáwọ́ lé la fi ń lọ àgbà, kó lè láyè láti sọ pé, "Má ṣe é." (Ẹ kíyè sí ohùn rẹ̀ pẹ̀lú: *fi lọ̀ wọ́n*, ṣùgbọ́n *fi lọ ọ̀gá*. Bí orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ *lọ̀* á di ohùn àárín.)

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi ọmọ wa pé kí ló ṣe nígbà tí iṣẹ́ kan há a lọ́wọ́ lásìkò IT, ìdáhùn rẹ̀ ti ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: ẹni tó fi ọ̀ràn náà lọ̀, àwọn tó fi tó létí, bó ṣe jábọ̀ nígbà tó parí. Kó má sì gbára lé òwe wa tó ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Òwe náà dára láàárín ẹbí. Nídìí ẹ̀rọ, odindi ọ̀rọ̀ ni kó sọ: ẹ̀rọ wo, aago mélòó, ó gbóná tó ìwọ̀n wo.

Ibi tó tún gbẹgẹ́ ni ọ̀rọ̀ àṣìṣe. Yorùbá ní gbólóhùn kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀: "Ó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́." Kì í ṣe "mo bà á jẹ́," kì í sì í ṣe "ó bàjẹ́" lásán. Ó gbà pé ọwọ́ mi ló wà, kò sì gbà pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bí ọmọ bá dúró síbẹ̀, ó ti sá fún ìbéèrè nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fà á, *kí* la sì fi ń béèrè èyí. *Ta* ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu: ta ló fà á, ta ló débẹ̀ kẹ́yìn? *Ta* ń wá ènìyàn, *kí* ń wá ìdí.

Taiichi Ohno, ẹni tó ṣètò bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Toyota, kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n béèrè ìdí lẹ́ẹ̀marùn-ún kí wọ́n tó fọwọ́ kan àtúnṣe. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ pákí ṣe é. Ẹ̀rọ kú, kí ló fà á? Bẹ́líìtì já. Kí ló já a? Bẹ́árìn ò yí mọ́. Kí ló dí i? Girísì ti tán nínú rẹ̀. Kí ló gbé girísì lọ? Omi pákí ló ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Kí ló jẹ́ kó ráyè wọlé? Wọn kò ṣe ìdérí sí i. Ẹni tó bá béèrè *ta* níbẹ̀rẹ̀ ì bá ti lé ọmọṣẹ́ lọ, ì bá ra bẹ́líìtì tuntun, bẹ́líìtì náà ì bá sì tún já.

Ti ìwà kò ní fún wa ní wàhálà. Ká tẹrí ba, ká fi ọwọ́ méjèèjì gba káàdì, ká má jókòó títí wọn yóò fi ní ká jókòó, ọmọ tí a kọ́ nílé ti mọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀wọ̀ inú èdè ló lè dojú ọ̀rọ̀ rú. A máa ń pe àgbà kan ṣoṣo ní *wọ́n*, nígbà tí ọmọ bá sì gbé e wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń gbọ́ á rò pé ènìyàn púpọ̀ ló pàṣẹ. Ní apá kan Ìjẹ̀bú àti lágbègbè ìlà-oòrùn gúúsù ilẹ̀ Yorùbá, arọ́pò-orúkọ kan náà ló tún dúró fún *ẹ* àti *wọ́n*. Kí ọmọ fi ipò ẹni náà pè é: ọ̀gá ibi ìkùnlọ́dà, ẹni tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀.

Oyè ẹnjiníà ńkọ́? Àwọn ará Jàpáàn kì í fi *san* kún orúkọ ara wọn, ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi í pè. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó jáde lánàá á ní, "Ẹnjiníà Lágbájá lorúkọ mi." Títí dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì la ti ń pe ènìyàn ní ẹnjiníà, kò sì burú nígboro. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin 55 ti ọdún 1970 tó dá COREN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, sílẹ̀, ẹni tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ló yẹ kó máa lò ó bí oyè. Kí ọmọ sọ pé, "Mo kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ jáde."

Wọn yóò béèrè ìdí tó fi yan ilé-iṣẹ́ wọn. "Mo fẹ́ ṣiṣẹ́ níbí" kò tó, nítorí ó lè ti sọ bẹ́ẹ̀ níbi mẹ́ta mìíràn. "Ibí ni mo ti fẹ́ ṣiṣẹ́" yàtọ̀ gan-an, *ni* ti yọ ibòmíràn kúrò nínú ọ̀rọ̀. Kó má sọ ọ́ bí kò bá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ àti ibi tí ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ti bá a mu.

Ní ìparí, wọn yóò ní kó béèrè ohun tó bá fẹ́. A tọ́ àwọn ọmọ wa pé wọn kì í bi àgbà ní ìbéèrè, "Rárá, ẹ ṣé sà" ló sì máa ń yá wọn lẹ́nu. Kó má sọ bẹ́ẹ̀. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti di ìfọ̀rọ̀wérọ̀ níbẹ̀ yẹn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀rọ wo lẹ máa ń kọ́kọ́ fi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí, báwo lẹ sì ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó gẹ́ẹ́ láti dá dúró nídìí rẹ̀?"