Ṣé Ohun Tí Mo Fojú Rí Lójú Ogun Kò Tó?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọdún 1990 ni mo wọ iṣẹ́ ṣọ́jà, ẹnu àìpẹ́ yìí ni mo sì fẹ̀yìn tì. Mo wà ní Monrovia, ní Liberia, pẹ̀lú ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí àjọ ECOWAS rán lọ, nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ Charles Taylor kọlù ìlú náà lọ́dún 1992, mo tún bá Boko Haram fojú kojú ní Borno. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà tí mo fi gba dìgírì nínú ẹ̀kọ́ ìwà ọ̀daràn àti ààbò ní National Open University. Ó wá ń wù mí láti di olùkọ́ nípa ètò ààbò ní yunifásítì, bí Ọlọ́run bá sì fẹ́, kí n di ọ̀jọ̀gbọ́n. Àbúrò ìyàwó mi ní mò ń tan ara mi jẹ, pé àwọn ọmọ tí kò gbọ́ ìró ìbọn rí ni yóò máa máàkì iṣẹ́ mi. Ṣé ohun tí mo fojú rí kò tó ni?
Ṣọ́jà tó fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu ogun. Ẹ kò tan ara yín jẹ. Michael Howard, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ja Ogun Àgbáyé Kejì ní Ítálì, ó gba àmì ẹ̀yẹ ìgboyà ní Salerno lọ́dún 1943. Òun náà ló wá dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ogun sílẹ̀ ní King's College London. Nígbà tó kọ ìtàn ara rẹ̀ lọ́dún 2006, Captain Professor ló pe ìwé náà. Kò fi oyè kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n Andrew Bacevich ará Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ó jáde ní West Point, ilé ẹ̀kọ́ ológun, lọ́dún 1969, ó lọ jagun ní Vietnam, ó sì ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Princeton kó tó fẹ̀yìn tì ní ipò kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ogun rèé, ìwé rèé. Síbẹ̀, nínú Washington Rules tó kọ lọ́dún 2010, ó ní ìgbà tí òun dé Berlin lẹ́yìn tí odi ìlú náà wó ni ẹ̀kọ́ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Brandenburg Gate, ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó pàtẹ fìlà àti báàjì àwọn ọmọ ogun Soviet fún títà. Àwọn tí wọ́n ti ń fi dẹ́rù bà á láti kékeré ni ẹrù wọn di ọjà ojú títì yìí! Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo ohun tó ti gbà gbọ́ wò. Ó kọ́ni ní Boston University láti 1998 títí di 2014, ó ta ko ogun Iraq, ogun yẹn gan-an ló sì pa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ́dún 2007. Ta ló fẹ́ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kò mọ ohun tí ogun ń jẹ?

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣì ní láti padà kẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ẹ fojú rí kò tó. Ẹ má bínú. Ẹ wà ní Monrovia, ẹ mọ apá ibi tí ìbọn ti ń dún. Àmọ́ kí ló mú kí Côte d'Ivoire àti Burkina Faso máa ti Taylor lẹ́yìn, nígbà tí àwọn náà wà nínú ECOWAS nígbà yẹn, àjọ tó rán yín lọ? Kò sẹ́ni tó lè rí ìyẹn láti inú yàrà. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ni yóò sọ ọ́, àti ẹnu àwọn ará Liberia fúnra wọn.

Ìbéèrè ni ojú ogun fún yín, ẹ sì ní èyí tí ẹlòmíràn kò ní. Ẹni tí kò débẹ̀ rí yóò béèrè iye ìbọn. Ẹ̀yin yóò béèrè ìgbà tí owó aláwáǹsì wọlé, ẹni tó ń gbé omi wá, àti ohun tí àwọn ọmọ ogun ń sọ lóru nígbà tí méjèèjì kò dé.

Ní ti àwọn ọmọ tí yóò máa máàkì yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n máàkì. “Èmi wà níbẹ̀” ló ń ba ṣọ́jà jẹ́ ní kíláàsì. Bó bá ti sọ ọ́, gbogbo ẹnu á pa mọ́, ẹ̀kọ́ á sì dúró. Tí ẹ bá sì lọ ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ yín lẹ́nu wò, ẹ ṣọ́ra, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà” ni wọn yóò máa wí. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn bá yín béèrè.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni n kò ní fi pamọ́ fún yín. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, 65 ni olùkọ́ ń fẹ̀yìn tì, 70 sì ni ti ọ̀jọ̀gbọ́n. Másítà, lẹ́yìn náà oyè ọ̀mọ̀wé, pẹ̀lú ìyanṣẹ́lódì láàárín: ẹ ka ọdún mẹ́fà tàbí méje sí i. Iṣẹ́ olùkọ́ ṣì ṣeé ṣe. Oyè ọ̀jọ̀gbọ́n, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Bẹ́ẹ̀ Àmọ̀tẹ́kùn, ẹgbẹ́ aláàbò tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá gbé kalẹ̀ lọ́dún 2020, nílò olùkọ́ tó mọ ìwé tó sì mọ igbó. N kò rò pé iṣẹ́ ìyẹn kéré sí tèmi.

Institute for Peace and Strategic Studies wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, nítòsí yín. Kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù, ẹ kọ ojú ìwé kan péré lórí ìbéèrè kan ṣoṣo, ẹ má kọ ìtàn ìgbésí ayé, kí ẹ sì gbé e lọ bá olùkọ́ kan níbẹ̀. Ẹ má kọ ohun tí òfin àṣírí ìjọba kò jẹ́ kí ẹ sọ, torí ìfẹ̀yìntì kò tú okùn yẹn. Ẹ sì tètè béèrè fún àkọsílẹ̀ máàkì yín láti ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti jáde, kó má baà jẹ́ òun ni yóò dá yín dúró.