Títọ́jú Bátìrì Olómi ní Ilé Ìwòsàn

Àwọn kókó pàtàkì
• Bátìrì tí a kò tọ́jú lè mú kí iná kú mọ́ fìríìjì àjẹsára àti yàrá ìgbẹ̀bí ní òru.
• Omi dístílì nìkan ni a ń fi kún un. A kì í fi ásíìdì kún un.
• Gáàsì haidirójìn tí ń jáde láti inú rẹ̀ lè bú gbàù bí ó bá tó ìdá 4 nínú 100 afẹ́fẹ́ yàrá.
• Òjé inú rẹ̀ jẹ́ májèlé. Kò sí ìwọ̀n òjé nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu.

Àkótán
Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ gbé jáde ní 2023 fi hàn pé nǹkan bí bílíọ̀nù 1 ènìyàn ló gbẹ́kẹ̀ lé ilé ìwòsàn tí iná rẹ̀ kò dánilójú tàbí tí kò ní iná rárá. Iná oòrùn àti bátìrì ni ọ̀pọ̀ irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ fi ń dí àlàfo náà. Yálà ní N'Gattakro ní ìlú Bouaké, Côte d'Ivoire, tàbí ní Èjìgbò, ohun kan náà ni bátìrì olómi ń béèrè: omi, ìmọ́tótó àti afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láàárín 2°C sí 8°C.

Ìtọ́jú lóṣooṣù
Kí a wo omi inú yàrá kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí bátìrì bá ti gba iná kún. Omi gbọ́dọ̀ bo àwọn awo òjé. Bí awo bá ti hàn síta kí a tó fi iná sí i, kí a kọ́kọ́ bu omi díẹ̀ bò ó, kí a sì fi èyí tó kù kún un lẹ́yìn náà. Omi dístílì, tí wọ́n ń tà ní Bouaké ní orúkọ eau distillée, ló yẹ. Èròjà inú omi kànga àti omi ẹ̀rọ ń ba awo jẹ́. Kí a nu orí bátìrì, kí a sì mú ìdè wáyà le.

Mímú àwọn yàrá dọ́gba
Bátìrì fólìtì 12 ní yàrá 6. Bí iná kì í bá kún dáadáa, ásíìdì á rọ̀ sí ìsàlẹ̀, èérí funfun á lẹ̀ mọ́ awo, àwọn yàrá kan á sì rẹ̀ ju àwọn mìíràn lọ. Nínú yàrá tí ó kún, hàídírómítà máa ń fi nǹkan bí 1.265 hàn. Bí ìyàtọ̀ láàárín àwọn yàrá bá ju 0.030 lọ, ó tó àkókò láti mú wọn dọ́gba:

1. Kí a ka ìwé olùṣe bátìrì. A kì í ṣe é fún bátìrì tí a dì pa.
2. Kí a kó àjẹsára sínú àpótí tútù, kí a sì yọ gbogbo ohun èlò kúrò lórí iná bátìrì.
3. Kí a ṣí fèrèsé. Sìgá, àtùpà àti ìṣáná kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀.
4. Kí a ṣètò ẹ̀rọ sí iye fólìtì tí olùṣe sọ. Fún bátìrì fólìtì 12, ó sábà máa ń wà láàárín 15 sí 16.
5. Kí a máa wọn yàrá kọ̀ọ̀kan ní wákàtí wákàtí. Nígbà tí ìwọ̀n kò bá gòkè mọ́, tàbí tí omi inú rẹ̀ bá gbóná tó 50°C, kí a dá a dúró. Lẹ́yìn náà, kí a fi omi dístílì kún un.

Ewu sí ìlera
Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ìdáàbòbò ojú. Bí ásíìdì bá kan ojú tàbí ara, kí a fi omi mímọ́ tí ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 20, kí a sì tọ dókítà lọ.

Ní Thiaroye-sur-Mer, ní Dakar, Sẹ̀nẹ̀gàl, ọmọdé 18 kú láàárín oṣù Kọkànlá 2007 àti oṣù Kẹta 2008, níbi tí títú bátìrì ti da òjé sínú ilẹ̀ àdúgbò. Inú rírun, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti gìrì wà lára àwọn àmì májèlé òjé. Láti 2021 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn pé, bí òjé bá tó 5 µg/dL nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, kí a wá orísun rẹ̀ kí a sì mú ẹni náà kúrò nínú rẹ̀. Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ tú bátìrì tó ti kú ní àgbàlá tàbí kí a fi í fún ọmọdé; kí a dá a padà fún olùtà tàbí ilé iṣẹ́ tí ó ní àṣẹ láti gbà á.