Ìpá àti Ìdodo Yíyọ Lára Ẹṣin: Ẹ Má Ṣe Fi Ọ̀bẹ Kàn Án

Ẹ̀yin àgbẹ̀ olóko kòkó,

Òótọ́ ni pé ẹṣin kò pọ̀ ní ilẹ̀ igbó wa, nítorí eṣinṣin tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ó sì ń fi àrùn sí i lára. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ pé àwọn ìdílé kan ṣì ń gun ẹṣin. Àìsàn yìí a sì máa mú ẹlẹ́dẹ̀, ewúrẹ́ àti àgbò, irú èyí tí a ń rà ní Ketu àti Mile 12 nígbà Iléyá. Nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á.

Iṣan ikùn ni ó gbá ìfun mọ́ inú. Bí ojú ìdodo ọmọ ẹṣin kò bá dí dáadáa, tàbí bí ihò tí okùn ẹpọ̀n gbà kọjá lára akọ bá fẹ̀ jù, ìfun lè yọ bọ́ sí abẹ́ awọ. Ẹ rántí àpò kòkó tí ojú rírán rẹ̀ tú. A kì í tìtorí pé kóró ń yọ kí a gé àpò náà. A ó ti kóró padà, a ó sì rán an.

Wíwú tí ó rọ̀, tí kò gbóná, tí ìka lè tì padà, kì í ṣe ohun ìjáyà. Lára ọmọ ẹṣin, èyí tí ihò rẹ̀ kéré sábà máa ń dí fúnra rẹ̀ kí ó tó pé ọdún kan. Ẹ ṣáà máa fi ìka wò ó lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ó bá le, tí ó gbóná, tí kò sì padà mọ́, ihò náà ti fún ìfun lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́. Ẹṣin yóò máa fẹsẹ̀ walẹ̀, yóò máa bojú wo ìhà rẹ̀, yóò làágùn, yóò sì máa yí nílẹ̀. Ọkàn ẹṣin tí ara rẹ̀ dá a máa lù ní ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan bí ó bá ń sinmi. Bí ó bá ju 60 lọ pẹ̀lú àwọn àmì wọ̀nyí, wákàtí ni kí ẹ máa kà, kì í ṣe ọjọ́.

Àṣìṣe tí ó burú jù ni kí a pe wíwú yìí ní oówo, kí a sì fi ọ̀bẹ gún un. Ìgbẹ́ ni yóò jáde dípò ọyún. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo dúró ti ẹnìkan tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ewúrẹ́ kan ní Ìkòsí, n kò sì sọ̀rọ̀. Ẹran náà kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ má ṣe rọ àgbo tàbí òróró sí ẹṣin lẹ́nu pẹ̀lú, nítorí ẹṣin kì í lè bì.

Dókítà ẹran ni kí ẹ ránṣẹ́ sí. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Dókítà yóò fi oògùn mú kí ẹṣin sùn, yóò dá a dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, yóò la awọ, yóò sì mú kí ihò náà fẹ̀ díẹ̀ kí ìfun lè tú sílẹ̀. Nígbà náà ni yóò wo àwọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ṣì pọ́n, tí ó sì ń mira, a ó dá a padà sí ikùn. Bí ó bá ti dúdú, tí ó sì tutù, a ó gé ibi tí ó kú kúrò, a ó rán ẹnu méjèèjì pọ̀, a ó sì fi okùn líle dí ihò náà. Lára akọ, a sábà máa ń yọ ẹpọ̀n apá ibẹ̀.

Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, nítorí àrùn yẹn tètè ń pa ẹṣin. Kí ẹṣin wà nínú ilé fún bí oṣù kan, kí a máa fà á rìn jẹ́jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì gùn ún títí di oṣù kẹta. Ẹ má fi akọ tí a bí pẹ̀lú ìpá gun abo, nítorí ó lè bá ìran rẹ̀ lọ.